Adétutù Ṣẹ́rí Padà Lórí Kilimanjaro

Ọdún kan gbáko ni Adétutù fi múra sílẹ̀ de òkè Kilimanjaro. Ní gbogbo Sátidé tí kò bá ti sí iṣẹ́ fún un ní ilé ìkẹ́rùsí ní Damastown, ní ìlú Dublin, òun àti Praise, ọmọ rẹ̀ obìnrin, á wọ rélùwéè láti Hansfield lọ sí Dún Laoghaire. Wọn á máa rìn lọ rìn bọ̀ lórí ògiri òkúta gígùn tó wọ inú òkun níbẹ̀, atẹ́gùn á sì máa gbá wọn létí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Praise. Dublin ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kò fi í fèsì rí. Bí ìyá rẹ̀ bá ní, "Ṣé o ti jẹun?", ohun tó máa sọ ni, "I had a sandwich, Mam."

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti ń gun òkè náà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n ti kọjá ibi tí koríko lè hù. Òkúta àti iyanrìn nìkan ló kù, èémí sì ti di ohun tí ènìyàn ń wá kiri. Ara Adétutù le koko. Praise ló ń falẹ̀. Micah, ará Tanzania tó ń mú wọn lọ, bi í bí ara ṣe rí.

"I'm grand," ló wí, bí àwọn ará Dublin ṣe máa ń sọ pé ara àwọn le.

Ó yà sẹ́yìn òkúta, ó bì, ó nu ẹnu, ó tún ní òun grand.

Adétutù jókòó tì í. "Ṣé orí ń fọ́ ẹ ni?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá," ni Praise wí, ojú rẹ̀ pa dé. "Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rìn jù."

Àyà Adétutù já. Kò sí ibi tí ohùn ọmọ náà ti wọ́, àfi bí ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà l'Ọ́yọ̀ọ́.

"Micah," ó ní, "ara ọmọ yìí ò yá rárá. A ń padà."

Micah wo ojú Praise, ó gbọ́ bó ṣe ń mí, ó ní lóòótọ́ ni, Praise gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀nà kejì tó ń bá wọn rìn lè mú un lọ, kí ìyá máa gòkè ní tirẹ̀.

Adétutù gbójú sókè. Ṣóńṣó òkè náà funfun, ó dà bí ohun tí ọwọ́ lè tó. Ká má purọ́, ó rò ó. Ó ro gbogbo òjò Dún Laoghaire tó ti pa á, ó ro bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀. Ó fẹ́ bi Micah pé ó ku wákàtí mélòó, nígbà tí Praise rọra dìde, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin náà nínú iyanrìn, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ kú làálàá wa."

Adétutù ò bèèrè nǹkan kan mọ́. Ó gbé báàgì ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó di apá rẹ̀ mú, ó dojú kọ ìsàlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ojú Praise ń là. Nígbà tí wọ́n fi dé àwọn ahéré ìsàlẹ̀, ó ti bèèrè ọbẹ̀ gbígbóná, ó sì ti ń bínú.

"Mam, why did we turn back? I was grand."

"O kúnlẹ̀ kí Micah ní Yorùbá."

Praise fi ṣíbí sílẹ̀. Ó ronú díẹ̀. "Jaysus," ó wí jẹ́jẹ́. "I was dying."

"Má pe orúkọ Olúwa báyẹn."

Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín, títí Adétutù fi ń nu omijé. Kò sì dá a lójú pé ẹ̀rín nìkan ló fa gbogbo omi náà, torí òkè yẹn dùn ún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìgbà tí wọ́n padà dé Ongar, àdúgbò wọn ní Dublin, Sister Ruth dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé kó fi fọ́tò òkè han òun. Adétutù fi èyí tó wù ú jù hàn án: Praise níwájú abọ́ ọbẹ̀, fìlà òtútù lórí, ẹnu kún.

"Òkè náà dà níbẹ̀?" ni Ruth bi í.

"Ó wà lẹ́yìn wa," ni Adétutù wí. Ó gba fóònù rẹ̀, ó wọlé lọ wá ìjókòó.