Ọgbọ́n Àgbọ́njù Ọ̀gá Wa

Wọ́n ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Irọ́ ni! Ọ̀gá wa ló dà á, ojú ẹlòmíràn ló kó sí.

Èmi àti òun la jọ ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà nírọ̀lẹ́, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ka ìlà kan já, gbogbo kíláàsì á pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn tó ń gbọ́ bùkátà wa ní àwọn á yẹ̀ wá wò níbẹ̀rẹ̀ àti nípárí ọdún. Táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò bá tẹ̀ síwájú, wọ́n á ti kíláàsì pa.

Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, Ìyá Aránṣọ ló ká mi lára jù. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun máa ń kọ̀wé sí i lórí fóònù, ìyàwó ọmọ ló ń kà á fún un.

"Ó ń fò ó," màmá á ní. "Ọ̀rọ̀ gígùn báyẹn, ṣé 'ẹ kú ilé' nìkan ló wà níbẹ̀? Ojú ara mi ni mo fẹ́ fi kà á kí n tó kú."

Nígbà ìdánwò àkọ́kọ́, ọ̀gá wa ní àlejò ò gbọdọ̀ bá wa ní òpè. Ló bá kọ́ wọn ní ìdáhùn, wọ́n há a sórí, gbogbo wọn gba máàkì rẹpẹtẹ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àìmọ̀ wọn gan-an ni wọ́n wá wò o!"

Ó ní kí n lọ jókòó.

Nígbà tọ́dún fi parí, wọ́n ti mọ̀wé kà lóòótọ́. Ọkùnrin aláyẹ̀wò tí wọ́n rán wá gbé máàkì ìdánwò àkọ́kọ́ àti ti ìparí ọdún síra wọn, wọ́n rí bákan náà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọ̀gá wa dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ ò kọ́ wọn ní nǹkan kan ni, àbí pé irọ́ lẹ kọ́ wọn? Ẹ mú ọ̀kan."

Ọ̀gá wa sá sẹ́yìn mi. Ojo!

Mo fa Ìyá Aránṣọ síwájú. "Ẹ kọ ohun tí wọn ò rí rí, kí wọ́n kà á fún yín."

Aláyẹ̀wò kọ ọ̀rọ̀ sórí bébà, ó nà án sí i. Màmá fi ìka tọ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kọsẹ̀ rárá: "Kíláàsì yìí kò wúlò. Ẹ tì í pa."

Kíláàsì bú sí àtẹ́wọ́. Màmá ń rẹ́rìn-ín, ó ń wò mí.

"Ẹ mà kà á dáadáa o, màmá," ni aláyẹ̀wò wí. Ó gba bébà náà, ó buwọ́ lù ú, ó tì í bọ àpò.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu màmá díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n ní kí wọ́n tì?"