Ẹyọ Ìgbálẹ̀ àti Ríìmù Orogún

Fàlílátù ti fara da orogún nídìí ààrò, ó ti fara da á nínú yàrá, ṣùgbọ́n ti táyà yìí, ikùn rẹ̀ kò gbà á. Ẹ wo ìyá àgbà tó ti ní ọmọọmọ, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ọkọ̀ lọ, ríìmù ló ń jowú lé lórí.

Òun ló kọ́kọ́ ra jíìpù nílé wọn ní Ìgbògbò. Gbogbo Sátidé ni Alhaji Mọ́ṣúdù, ọkọ wọn, máa ń jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á la ẹrẹ̀ kọjá dé oko ọ̀pẹ̀ òyìnbó wọn ní Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n á máa jẹ gúgúrú, tí wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ ilé. Àfi bí Ṣẹ̀rífátù, ìyàwó kékeré, ṣe ra tirẹ̀, tó sì pààrọ̀ ríìmù. Táyà yọ síta lápá ọ̀tún àti òsì bí ìdí omidan. Ọkọ̀ náà wọ kòtò, kò fì. Ni Alhaji bá kó lọ síbẹ̀.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí, Ìyá Kabir," ó ní. "Ti Ṣẹ̀rífátù kì í jù mí káàkiri."

Ẹ̀yìn tí Fàlílátù ti ń fi àdí ra láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí ọkùnrin náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ṣẹ̀rífátù ń kírun, ìyálé yọ́ lọ sídìí jíìpù rẹ̀, níbi tí wọ́n gbé táyà àfipamọ́ kọ́ sẹ́yìn. Ó ti ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ ojú ríìmù tó kọ síta, ó dé ibi tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀. Ó fẹ́ ṣẹ́ ẹ, ó tún fi ìbú ìka kan lé e, kí tirẹ̀ lè yọ ju ti orogún lọ.

Ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Benson, Festus tó ń ta ríìmù tòkunbọ̀ gba ìgbálẹ̀ náà. Ó da ojú ríìmù kan dé ilẹ̀, ó fi igi dábùú ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yìn la ti ń wọ̀n ọ́n, Mama, láti etí ibí yìí dé ibi tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀. Tó bá jìn, táyà á wọlé sábẹ́ ọkọ̀. Tí kò bá jìn, á yọ síta. Èyí tẹ́ ẹ mú wá gùn o. Ṣé ẹ̀yìn lẹ ti wọ̀n ọ́n?"

Kí ni kó wí? Pé ojú ríìmù orogún lòun lọ jí wọ̀n?

"Ẹ̀yìn ni. Wá èyí tó bá a mu fún mi. Àbí èmi pẹ̀lú ẹ la jọ fẹ́ Alhaji ni?"

Nígbà tí wọ́n de ríìmù mọ́ jíìpù rẹ̀ tán, táyà wọlé bí orí ìjàpá. Fàlílátù wò ó títí, ó ní bóyá yóò yọ tó bá yá, bí bàtà tuntun ṣe máa ń fẹ̀.

Ní Sátidé, ó fi ẹ̀bẹ̀ gbé Alhaji síwájú. Ṣẹ̀rífátù ń tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n ṣe ń yí kọ́nà oko, òórùn rọ́bà gba inú ọkọ̀.

"Kí ló ń jóná?"

"Wọ́n ń sun igbó ni, Alhaji."

Kò pẹ́ tí táyà fi bẹ́, tí jíìpù dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ṣẹ̀rífátù sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.

"Ìyálé mi, irin abẹ́ ọkọ̀ ló jẹ táyà yín. Ta ló bá yín wọn ríìmù yìí?"

"Wèrè kan ni," Fàlílátù dáhùn, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á nínú ẹkún.

Ibi tó ti bojú wẹ̀yìn, ó rí Alhaji tó ń rọra lọ sí iwájú jíìpù Ṣẹ̀rífátù. Fàlílátù ká ìró sókè, ó fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ sáré kọjá lára ọkọ rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ki ìdí bọ àga.

"Eékún ń ro mí. Mi ò lè jókòó sẹ́yìn."

Ẹ̀yìn ni Alhaji wọ̀, láàárín ọmọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n fẹ́ lọ gbìn, tí ẹ̀gún rẹ̀ ń gún un nídìí. Fàlílátù gbọ́ ọ tó ń kérora. Bí kò bá jókòó ti òun, kò ní jókòó ti ẹnì kankan.

Ṣẹ̀rífátù ṣíná, wọ́n gba inú kòtò lọ. Lóòótọ́ ni ọkọ̀ náà kò fì. Inú tún bí Fàlílátù.