Ẹrẹ̀ Inú Ríìmù

Ẹni tó bá ní ìkà kò sí láyé mọ́, kò tíì bá Sàníù mẹkáníìkì ṣiṣẹ́ rí ni. Etí títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ló wà, ní Adégbayì. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí ìdí tí mi ò fi ní pè é ní “wọ́n”. Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ tán ná.

Roheem ló kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n jọ dá, ó di mẹ́fà. Lọ́dún karùn-ún, Sàníù ní ọwọ́ Roheem kò tíì yá. Lọ́dún kẹfà, ó ní ẹnu rẹ̀ ti yá jù. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó ti níyàwó, tó ti bímọ méjì, ló ṣì ń fọ aṣọ iṣẹ́ ọ̀gá. Kò sì lè sá lọ, torí pé ẹnu ọ̀gá nìkan ló lè tú ọmọṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá tú sílẹ̀, tó bá gbé irinṣẹ́ kalẹ̀ níbikíbi láti Adégbayì dé Ìyànà Ọ̀fà, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì á wá palẹ̀ ẹ̀ mọ́ fún un.

Àfi bí Sàníù ṣe sọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́ pé Sátidé tó ń bọ̀ lòun máa tú Roheem sílẹ̀. Inú Roheem dùn débi pé kò lè sùn. Ìyá rẹ̀, Fàtímọ̀, na ọwọ́ sí òbúkọ tó ti ń sìn láti ọdún tó kọjá, ó ní, “Tìẹ náà ló dé yìí.”

Lọ́jọ́bọ̀, Bàbá Josiah tún gbé ọkọ̀ wọn dé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ń dáko iṣu lọ́nà Ẹ̀gbẹ́dá. Bí ọkọ̀ náà bá ń lọ jẹ́jẹ́, kò sí wàhálà. Àmọ́ tó bá ti sáré dé ọgọ́rùn-ún kìlómítà báyìí, sítíárì á máa gbọ̀n lọ́wọ́ wọn bí ẹni tí ibà mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sàníù ti gbà á. Ó pààrọ̀ ṣọ́kì, ó pààrọ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ó tún pààrọ̀ ìjókòó ẹ́ńjìnnì. Pàbó ló já sí.

“Roheem, wò ó,” Sàníù wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Tó o bá wò ó sàn, Sátidé dúró. Tó ò bá rí i ṣe, o ò tíì mọṣẹ́ nìyẹn.” Ó bá tirẹ̀ lọ kírun.

Roheem wa ọkọ̀ náà bọ́ sí títì, ó tẹ̀ ẹ́ dé ọgọ́rùn-ún, ìgbọ̀n dé. Ó yọ jíà, ìgbọ̀n náà kò dáwọ́ dúró, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ó rọra tẹ búrékì, kò le sí i, kì í ṣe búrékì. Sítíárì nìkan ló ń gbọ̀n, àga tó jókòó lé kò mì. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tiwájú ni.

Nígbà tó padà dé, Bàbá Josiah ti sùn lọ lábẹ́ igi. Roheem fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó tú táyà òsì, ó yí inú rẹ̀ síta. Háà! Ẹrẹ̀ pupa ló dì sínú ríìmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, ó le gbagidi. Inú àbàtà ẹ̀bá abà iṣu ni bàbá máa ń gbé ọkọ̀ sí láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹrẹ̀ á sàn sísàlẹ̀ ríìmù, á gbẹ síbẹ̀, àwọn tó ń fọkọ̀ á sì fọ ìta nìkan. Táyà tó wúwo lápá kan, báwo ni kò ṣe ní gbọ̀n?

Roheem họ ọ́ kúrò, ó fẹsẹ̀ ti ìṣù ẹrẹ̀ náà sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù. Ó mọ̀ pé bí òun bá pariwo, ọ̀gá lojú máa tì. Ó pinnu pé òun á sọ pé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tí ọ̀gá fi sí i ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó dáadáa. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ náà á gbé e dé Sátidé.

Bàbá Josiah jí, wọ́n tún wa ọkọ̀ náà lọ, wọ́n sáré dé ọgọ́fà. Sítíárì dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n padà dé, wọ́n dì mọ́ Sàníù tó ti kírun dé. “Sàníù, ọwọ́ rẹ mà dáa o!”

Sàníù gbáyà síta. “Ṣebí mo sọ fún yín? Iṣẹ́ tí mo ti ṣe sílẹ̀ ni. Eléyìí ò mọ nǹkan kan, bàbá. Ọdún mẹ́fà, oúnjẹ ló ń jẹ.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Roheem lọ́kàn. Ọdún mẹ́fà, “o ṣeun” kan kò jáde lẹ́nu ọkùnrin yìí rí.

“Ẹrẹ̀ ni, sà,” ló wí. “Ẹrẹ̀ oko yín ló wà nínú ríìmù. Gbogbo ohun tí wọ́n pààrọ̀, ìkankan ò bàjẹ́ níbẹ̀.”

Roheem! Ṣé o ò lè gbé e mì ni? Ó ku ọjọ́ méjì péré!

Sàníù kò bínú. Ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀rín. “O káre, ọmọ mi. Ó di Sátidé.”

Sátidé pé. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ jókòó, Bàbá Josiah náà wá. Òbúkọ ti di ẹran lórí ìrẹsì. Roheem wọ funfun, ó kúnlẹ̀, ó ń retí ọwọ́ ọ̀gá lórí rẹ̀. Sàníù dìde.

“Ẹ̀yin àgbà, ọ̀gá ló ń tú ọmọṣẹ́ sílẹ̀, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Eléyìí rí ohun tí èmi ò rí, ó sì sọ ọ́ sí mi lójú níwájú oníbàárà mi. Ó ti jù mí lọ. Ṣé kí n wá gbọ́wọ́ lé ọ̀gá mi lórí ni? Kí ẹni tó kọ́ ọ lẹ́rẹ̀ wá tú u sílẹ̀.”

Gbogbo àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín o! Fàtímọ̀ fi orúnkún wọ́ dé ọ̀dọ̀ Bàbá Josiah. “Bàbá, ẹ gbà wá. Ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀ ọ̀hún, ẹ mọ̀ pé kò gbọ̀n mọ́.”

Bàbá Josiah ń yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. “Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ nìyẹn, ìyá. Mi ò lè dá sí i.”

Oúnjẹ náà ńkọ́? Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Sàníù ń ta eyín nígbà tó pe Roheem. “Ọdún kan sí i, kó o fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń panu mọ́. Tètè dé lọ́jọ́ Ajé.”

Lọ́jọ́ Ajé, Roheem ti ń gbálẹ̀ kí aago méje tó lù. Ọkọ̀ Bàbá Josiah ń bọ̀ lórí eré, ó ń lọ sóko, kò gbọ̀n rárá. Bàbá fọn fèrè kí i. Roheem gbé ìgbálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹrí ba, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà,” torí pé Sàníù ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà.