Ilẹ̀ Ilé Ìyá Mi

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ alárinà ilẹ̀ rọrùn, ẹ bá mi bi í pé bàtà mélòó ló ti gbó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Èmi Lawrence Májẹ́kódùnmí ti ń ṣe é ní Ọ̀mù-Àrán láti ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, nígbà tí gbogbo ẹni tó rí towó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò kọ́lé páànù sí. Ẹ ó mú ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ rìn nínú oòrùn títí dé ìdí igi igbá, yóò ní omi máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ ó mú un gun òkè, yóò ní ibẹ̀ jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì jù. Nígbà tó bá wá rí èyí tó wù ú, yóò ní òun ń lọ rò ó wò. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ ó gbọ́ pé ó ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá onílẹ̀ pé kí wọ́n yọ alárinà kúrò níbẹ̀. Mo ti bá irú wọn jà lójú ọjà rí, mi ò sì tijú.

Àwọn onílẹ̀ gan-an ló tún wá le jù. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní òun ti tà á, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Jọ́ọ̀sì lè dé nígbà Kérésìmesì kó ní òun ò mọ̀ sí i. Nítorí náà ni mo ṣe fi òfin kan lélẹ̀ fún ara mi: baálé ilé gbọ́dọ̀ jókòó, ọkùnrin méjì gbọ́dọ̀ jókòó tì í, obìnrin ilé kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, a ó kọ ọ́ sínú ìwé, gbogbo wọn ó sì tẹ̀ka sí i. Lẹ́yìn ìyẹn la ó tó gbin pẹ́rẹ́gún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pẹ́rẹ́gún kì í kú bọ̀rọ̀, òun sì làwọn baba wa fi ń pààlà. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò pè mí lẹ́jọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rú òfin náà, ilé ìyá mi ni mo sì ti rú u.

Ọdún tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà ni Caroline dé. Ọmọ Òwu-Ìsin ni, ṣùgbọ́n Kòmásí ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń ta aṣọ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ọkọ náà ṣàìsàn lójú ọ̀nà, kò dé ilé. Ọmọ márùn-ún ni obìnrin yìí kó dé, Mary ni àkọ́bí, inú yàrá kan lẹ́yìn ọjà ni gbogbo wọn sì ń sùn. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tó gba àwọn ọmọ náà wọlé, Ọ̀mù-Àrán ló wà, ìdí nìyẹn tí kò fi padà sí Òwu-Ìsin.

“Bọ̀ọ̀dá Lawrence,” ó wí fún mi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, “yàrá mẹ́rin péré ni mo fẹ́ kọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa pé ká kó ẹrù wa jáde nílùú tí mo ti bí gbogbo ọmọ mi. Mi ò fẹ́ gbélé onílé mọ́ láyé mi.”

Mo mú un rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí àwọn onílẹ̀ bá ti gbọ́ pé ará Gánà ni, wọ́n á rò pé góòlù ló dì bọ̀, wọ́n á sì sọ ilẹ̀ di ọ̀wọ́n. Mo bínú, mo pariwo, kò sí èyí tó gbọ́. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bàbá Ògúnyẹmí, ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun ní ilẹ̀ kan lójú ọ̀nà Òrò, pé tòun ni nínú ilẹ̀ ẹbí, pé òun ò sì ní fi ni ẹni tí ọmọ àwọn bá mú wá lára.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ilé ìyá jẹ́ fún ọmọ. Nílé bàbá mi, àwọn ọbàkan mi kò lè yọ̀ǹda ìdí ọ̀pẹ kan fún mi láìjẹ́ pé a jà. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ sílé ìyá mi, wọ́n á ní “Ọmọ wa dé o!”, wọ́n á wá ẹran sínú ọbẹ̀. Orí ẹsẹ̀ Bàbá Ògúnyẹmí yìí ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìka ọwọ́. Nítorí náà, nígbà tí Caroline bi mí pé ìwé ilẹ̀ ńkọ́, ẹ̀rín ni mo fi í rín.

“Ìyá Mary, ṣé kí n gbé ìwé lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé kó tẹ̀ka, bí ẹni pé olè ni? Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi gan-an ni ìwé yín.”

Ó wò mí díẹ̀, ó ní, “Ó dáa, sà.” Ó gbà mí gbọ́.

Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Caroline san owó ilẹ̀ náà, tí a sì gbin pẹ́rẹ́gún. Ẹsẹ̀ ń dun baálé ilé, Bàbá Àbúdùlàhí, kò lè rìn débẹ̀. Bàbá Ògúnyẹmí fúnra rẹ̀ ló fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá mi, Àpínkẹ́, ló ṣe obìnrin ilé, òun ló ń bu omi sí i. Nígbà tí wọ́n gbin èyí tó kẹ́yìn, Bàbá Ògúnyẹmí nà tán, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ní, “Láti òní lọ, ilẹ̀ yìí ti kúrò lọ́wọ́ wa. Ó di tìrẹ, ó di tàwọn ọmọ rẹ.”

“Àṣẹ!” ni ìyá mi wí. Ó di Caroline lọ́wọ́ mú. “Ìyá Mary, ilé yìí á tura fún ọ o. Wàá fi ṣayọ̀.”

Caroline kò dúró kí ọyẹ́ ó dé kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń pọn omi láti odò kí wọ́n tó lọ síléèwé, wọ́n ń po amọ̀, wọ́n ń yọ bíríkì. Bíríkì ọ̀ọ́dúnrún ti gbẹ lórí ilẹ̀ náà nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ dé pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n irin wọn. Ìjọba fẹ́ fẹ ọ̀nà Òrò, wọ́n fẹ́ da ọ̀dà sí i. Kò pẹ́ tí a tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí kọngílá kan láti Ìlọrin tó ń wá ibi tí yóò kọ́ ilé epo sí. Èmi tí mo pe ara mi ní alárinà, mi ò fura. Mo tilẹ̀ ń bá Caroline yọ̀ pé ilé rẹ̀ yóò kọjú sí ọ̀dà.

Àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan ni Mary sáré wá bá mi. Wọ́n ti hú gbogbo pẹ́rẹ́gún náà. Wọ́n ti kó bíríkì ìyá rẹ̀ dà sínú kòtò.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Ògúnyẹmí ni mo gbà lọ tààrà. Mo bá a níbi tó ti ń jẹ ẹ̀kọ. Ó jẹ ẹ́ tán kó tó dá mi lóhùn.

“Ilẹ̀ oko ni mo fún un,” ó ní. “Ọdún méjì ni mo ní kó fi gbin ẹ̀gẹ́. Ta ló ní kó máa yọ bíríkì? N ó dá owó rẹ̀ padà, kó rọra máa lọ.”

“Bàbá! Ojú mi ló ṣe!”

“Ìwé dà?” ló bi mí. Ó wò mí lójú kòró nígbà tó sọ ọ́. Ká ní ẹlòmíràn ni, ǹ bá ti gbá abọ́ ẹ̀kọ yẹn dànù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jáde.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Àbúdùlàhí. Olóòótọ́ èèyàn ni baálé náà. Ó ní òun ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan dá ọmọ ilé lẹ́bi, nítorí èmi ni mo mú oníbàárà wá. “Ṣùgbọ́n Àpínkẹ́ wà níbẹ̀,” ó ní. “Ọmọ ilé yìí ni, ìyá rẹ sì ni. Ohun tó bá wí lọ́jọ́ Ìsinmi, abẹ́ gé e. Bó bá ní títà ni, kọngílá tí Ògúnyẹmí fẹ́ tà á fún yẹn kò ní tẹ ilẹ̀ náà.”

Ọkàn mi balẹ̀. Ìyá mi tó nà mí nígbà kan nítorí pé mo purọ́ lórí ẹ̀pà! Mo lọ sọ fún Caroline pé kó lọ máa wá ẹni tí yóò bá a tún bíríkì yọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, a pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé. Caroline jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ògiri, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Ògúnyẹmí rojọ́ tirẹ̀, èmi náà rojọ́ tèmi. Baálé wá yíjú sí ìyá mi.

“Àpínkẹ́, kí lo gbọ́ lọ́jọ́ náà?”

Ìyá mi ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. “Oko ni mo gbọ́,” ó wí. “Mi ò gbọ́ títà.”

Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. Caroline gbé orí sókè, ó wo ìyá mi, lẹ́yìn náà ó wo èmi.

“Lawrence,” ni baálé wí, “o gbọ́ ohun tí ìyá rẹ sọ. Ṣé o fẹ́ sọ fún wa pé irọ́ ló ń pa?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má yára dá mi lẹ́jọ́. Ojú àgbà mẹ́sàn-án ni. Ọmọ wo ló ti dìde láàrin ẹbí ìyá rẹ̀ rí, tó ní òpùrọ́ ni ìyá òun? Mo mọ̀ pé bí mo bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ Caroline ṣì lè bọ́ padà sí i lọ́wọ́.

“Rárá o, Bàbá,” ni mo wí.

Caroline dìde. Ó kúnlẹ̀ fún baálé, ó kúnlẹ̀ fún ìyá mi, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ.

Nígbà tí a délé, mo bi ìyá mi pé kí ni mo fi ṣe é. Ó ti ń sunkún.

“Ògúnyẹmí wá bá mi láàárọ̀ àná,” ó ní. “Ó ní bí mo bá dójú ti òun, ọjọ́ tí mo bá kú, ẹnì kankan ò ní wá gbé mi láti ilé wa. Lawrence, ilé baba rẹ̀ la ti ń sin obìnrin nílé tiwa. Ṣé kí n wá dùbúlẹ̀ sáàárín àwọn orogún mi, bí ẹni tí kò lẹ́ni?”

Inú bí mi, ó bí mi gan-an. Ilé tí mo fẹ́ràn jù láyé ló tà mí, ìyá mi ló sì bá wọn dì mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá a jà, nítorí ẹnu èmi náà ni “rárá” ti jáde.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìlú ti ń sọ ọ́ pé ará Gánà kan fẹ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀. Àwọn ọmọ ń pe Mary ní ọmọ agbalẹ̀ níléèwé. Mo lọ bá Caroline pé n ó wá ilẹ̀ mìíràn fún un, pé mi ò ní gba kọ́bọ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó gbé ìwé àti bírò síwájú mi.

“Mi ò bèèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ yín mọ́,” ó wí. “Mi ò sì ní gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ sáà kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn fún mi, kí àwọn ọmọ mi lè kà á, kí wọ́n mọ̀ pé ìyá àwọn kì í ṣe olè.”

Mo kọ ọ́. Mo kọ ọjọ́ àti oṣù, mo kọ ibi tí ilẹ̀ náà wà, mo kọ ọ̀rọ̀ Bàbá Ògúnyẹmí bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ tèmi, mo kọ ti Caroline. Mo buwọ́ lù ú.

Caroline kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀.

“Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀,” ó ní. “Ẹni mẹ́ta lẹ kọ.”

“Mo mọ̀,” ni mo wí.

Ó na bírò náà sí mi. Ó nà án títí ó fi rẹ̀ ẹ́, mi ò gbà á. Ó wá ká ìwé náà sí méjì, ó nà án sí Mary tó ń fẹ́ iná lẹ́nu ọ̀nà.

“Fi kún iná yẹn,” ó wí fún un.

Mo dìde, mo ní ó dàbọ̀. Mary ti ìwé náà bọ iná, ó ń fẹ́ ẹ lọ.