Èyí Tó Ń Fẹ́ Ni Mo Fẹ́

Ẹ̀yin náà ti fura: ẹni tó bá ní iṣẹ́ oníṣẹ́ ò le, òun náà ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́. Babájídé lẹni tí à ń wí, ọ̀gá kékeré kan ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ọ̀jọ́, tó ní kẹ́místírì tí òun kà ní yunifásítì ò ní í wá tẹríba fún pẹ́ńtà. Ó ń du ipò alága àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò rẹ̀ ní Ìbà, ó sì fẹ́ kí mọ́tò òun dúdú, kó máa dán, kí àwọn tó máa dìbò lè rí ojú ara wọn lára rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé.

Dáúdà, tó ń fín ọ̀dà sí mọ́tò ní Okokomáíkò, kìlọ̀ fún un.

"Ọ̀gá, gbangba ìta la ti ń fín in. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe é nínú gáréèjì ilé yín, ẹ wá fáànù tó máa kó èéfín ọ̀dà jáde. Òórùn tínà tá a fi ń po ọ̀dà yẹn, tó bá fi lè kún yàrá, iná bíńtín ti tó o."

"Eruku ìta ni mo ń sá fún. Ìwọ ṣáà máa fín tìrẹ nínú eruku."

Ó gba Ọjà Àlàbá lọ. Ọmọ Ígbò tó ń ta fáànù ara ògiri bi í ní Yorùbá tó já gaara: "Ọ̀gá mi, ṣé èyí tó ń fà lẹ fẹ́ àbí èyí tó ń fẹ́?"

Lójú Babájídé, fífà jọ iṣẹ́ aláìlágbára. "Èyí tó ń fẹ́ ni mo fẹ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé ó tún un sọ.

Adérónkẹ́, ìyàwó rẹ̀, wo fáànù náà lójú fèrèsé gáréèjì, ó wo ẹnu ọ̀nà tó já sí kọ́rídọ̀. Yàrá ìyá ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìyá tí asímà kì í jẹ́ kó sùn gbọọrọ.

"Bàbá Ṣemílọ́rẹ, Ìyá ńkọ́?"

"Ṣé o ò rí fáànù ni? Ojú fèrèsé lòórùn máa gbà jáde. Ìyá mọ irú ọmọ tí àwọn bí."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó fi náílọ́ọ̀nù sé gbogbo ẹnu ọ̀nà, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ yípo, ó wọ ìbòmú, ó tan fáànù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fín.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ń dán. Orí rẹ̀ ń wú. Ìgbà tó dé ẹ̀yìn mọ́tò ló rí i pé ìkùukùu ọ̀dà náà ò lọ sójú fèrèsé rárá. Fáànù ń fẹ́ lóòótọ́. Inú ilé ló ń fẹ́ ẹ sí. Náílọ́ọ̀nù ẹnu ọ̀nà kọ́rídọ̀ ti wú sí ọ̀hún bí ikùn aboyún, téèpù ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti ṣí.

Ó tẹ́tí. Ìyá kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n má wúkọ́. Kò gbọ́ ikọ́.

"Ìyá."

Ó tún pè wọ́n.

Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi súìṣì fáànù, ó sì dúró lójú ọ̀nà. Tó bá pa á, tó sì ta iná ńkọ́? Tí ò bá pa á ńkọ́? Kẹ́místírì ò fọhùn. Ó fa náílọ́ọ̀nù ya, ó kó sí kọ́rídọ̀, òórùn tínà sì ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn Ìyá wọlé. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, kò lè ṣí i. Ó ń ro ohun tó máa bá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń ro ohun tó máa sọ fẹ́bí. Ó tiẹ̀ ro ìbò pẹ̀lú, ojú sì tì í.

Ó ṣí i. Bẹ́ẹ̀dì ṣófo.

Ó sáré jáde. Adérónkẹ́ wà níbi mítà, ó ti pa iná gbogbo ilé, ó fi ìborùn bo imú.

"Ìyá dà?"

"Wọ́n ti wà nílé Bàṣírátù, àbúrò yín, láti àárọ̀. Ẹ ń lẹ náílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n jáde."

"Ìwọ lo ní kí wọ́n máa lọ. O ò gbà pé mo mọ̀ ọ́n ṣe."

"Èmi kọ́," ni Adérónkẹ́ wí. "Ìyá fúnra wọn ló pe Bàṣírátù lánàá pé kó wá gbé àwọn."