Dírẹ́bà Yìí Ti Gbó

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí mo ṣe máa ń tètè bínú, ẹ béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, mo bú u títí ẹnu fi ń dùn mí. Mo ní olódo ni. Mo ní aláìmoore ni.

Láísẹ́ǹsì bàbá mi ló kó wa sí i. Bàbá mi ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwa òṣìṣẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Láísẹ́ǹsì náà yóò kú ní ọjọ́ Ajé, bí wọn kò bá sì tún un gbà, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Kò sí àyẹ̀wò kankan níbẹ̀ o: wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tẹ̀ka, ó parí. Àmọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń gba ààyè. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti tán. Mo wá kọ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà pé kó máa ṣí bráwúsà fúnra rẹ̀, kó kọ orúkọ bàbá mi, kó mú ààyè. Mo ti dán an wò ní ọjọ́ Ẹtì, ó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Aago mẹ́jọ lù, kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sí mi lójú: ìsopọ̀ kọ̀. Mo tún un ṣe. Ìsopọ̀ kọ̀. Mo pa ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì, mo tún un tàn, mo ṣépè fún gbogbo àwọn tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí mo wo ojú ìwé náà lórí fóònù, ó ṣí wẹ́rẹ́. Àwọn àgbà ní ìbínú kò da nǹkan. Ìgbà náà ni mo tó jókòó ka ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ.

Mo fi igbe pe ọ̀gá mi ní ibi iṣẹ́ lórí fóònù, ẹni tó bá mi kọ àṣẹ náà.

“Ọ̀gá, mo ti rí i! Dírẹ́bà ni ìṣòro wa. Ó ti gbó! Nǹkan ti yí padà, kò mọ̀. Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, kò dáhùn. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ká fi tuntun sí i!”

Bráwúsà kì í gba àṣẹ tààrà. Ètò kékeré kan ló ń darí rẹ̀, dírẹ́bà là ń pè é. Bráwúsà ti sọ ara rẹ̀ di tuntun lóru láìsọ fún ẹnikẹ́ni, dírẹ́bà àtijọ́ kò sì bá a mu mọ́. Mo fi tuntun sí i. Ó mú ààyè kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù: ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún wa láti fọwọ́ sí i.

Ni bàbá mi bá wọlé, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì sórí tábìlì mi.

“Bá mi fún ọ̀gá rẹ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti pálọ̀. Ẹ má wulẹ̀ yọ mí, ìyá mi. Màá yọ ara mi.”

Ẹ̀rín pa mí. “Bàbá! Dírẹ́bà inú kọ̀ǹpútà ni! Ta ló sọ pé ẹ ti gbó?”

Mo ṣàlàyé, wọ́n tún bi mí, mo tún ṣàlàyé. “Nínú kọ̀ǹpútà náà, wọ́n ń lé dírẹ́bà?” ni wọ́n wí. “Ayé ti bàjẹ́.” Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn parí rẹ̀.

“Ó ku ẹ̀ẹ̀kan, Bàbá. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ ‘Mo gbà’ sí.”

Ibẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì pupa fòò. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n na ìka, wọ́n tẹ ibi tó funfun báláú. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

“Ó ti gbà?”

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. “Bàbá, ẹ ò rí i?”

Wọ́n jókòó sí etí ibùsùn mi. “Ó ti pé oṣù mẹ́ta. Àárín ojú ló ń ṣú. Mo mọ ọ̀nà yẹn lórí, òun ni mo fi ń wa ọkọ̀. Nígbà tí o ń pariwo pé dírẹ́bà ti gbó, mo rò pé o ti mọ̀ ni.”

Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi, àmọ́ mi ò rí ẹni tí mo máa bú. Èrò mẹ́tàlélógún ló ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn. Láràárọ̀, mo máa ń sùn lórí ìjókòó ẹ̀yìn wọn.

Ìṣẹ́jú méjì ló kù.

“Bá mi tẹ̀ ẹ́,” ni bàbá mi wí. “Láti ọdún méjìdínlógójì, Dírẹ́bà ni gbogbo ayé ń pè mí. Kí ni wọ́n á wá máa pè mí?”

Mo di ọwọ́ wọn méjèèjì mú. Mo ń sunkún, mo sì ń wo bí àkókò náà ṣe ń lọ. Nígbà tí ó tán, ọ̀rọ̀ tuntun jáde gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n bi mí pé kí ló kọ.

Mo ní, “Wọ́n ti fún ẹlòmíràn, Bàbá.”