Àpá Ojú Baba Ńlá

"Kúrò lójú mi! Ṣé ọkùnrin ti tán láyé ni, tó o fi lọ rọ̀ mọ́ àtọ̀húnrìnwá lọ́rùn?"

Bàbá Alère ló ń jágbe bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lórí àkàbà tí wọ́n gbé ti ère ńlá kan. Búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ, ọ̀dà ń kán sílẹ̀ tó, tó. Eyínfúnjowó ni ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ sọ ọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́kùnrin náà, torí ohun tó máa ń ké nìyẹn bí wọ́n bá ń gbé irin. Ó wà nísàlẹ̀, ó ń po sìmẹ́ńtì. Gbogbo èébú náà ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́bìrì rẹ̀ kò dúró.

"Bàbá, lọ́dún tó kọjá, 'ọmọ mi' lẹ̀ ń pè é."

"Ọdún tó kọjá la wà yìí?"

Òótọ́ ni bàbá sọ, nǹkan ti yí padà. Nígbà tí Eyínfúnjowó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, orin tí wọ́n kọ́ wọn ni pé Baba Ńlá tó tẹ orílẹ̀-èdè náà dó la odò kọjá, ó dé tòun taṣọ tútù lọ́rùn, onílé kan sì yá a níná. Ṣùgbọ́n ìbò ń bọ̀, ọjà gbówó lórí, inú ń bí aráàlú, ìjọba sì ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹrù ìbínú náà rù. Ni rédíò bá gbé ìtàn mìíràn dé: Baba Ńlá kò tibì kankan wá, inú ilẹ̀ ló ti hù bí olú. Àwọn tó la odò kọjá, àtọ̀húnrìnwá ni wọ́n, àwọn ló jẹ oúnjẹ ọmọ onílẹ̀ tán. Wọ́n yọ odò kúrò nínú orin iléèwé bí ẹni yọ egungun lára ẹja.

Ìyá ìyá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la odò kọjá. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí ìjọba gbé iṣẹ́ ère fún Bàbá Alère, ta ló mọ ojú Baba Ńlá? Ó wọ̀tún, ó wòsì, ló bá ní kí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jókòó sórí àpótí, ó sì fi amọ̀ mọ ojú rẹ̀: imú tó gún, ètè tó dà bíi pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín kó tó rántí ara rẹ̀, títí kan àpá tó dábùú ìpéǹpéjú òsì. Eyínfúnjowó mọ àpá yẹn ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Irin kan já láti òkè lọ́jọ́ kan, òun gan-an ni ì bá lù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló tì í dànù, tó fi ojú tirẹ̀ gbà á. Ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀, síbẹ̀ ohun tó ń bi í ni pé, "Ṣé kò bà ọ́?" Ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ ọkùnrin náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn bí ìṣó ti ń wọ pákó.

Wọn kò tíì parí ìjà nígbà tí Kọmíṣánnà ètò àṣà wọlé tòun takọ̀wé rẹ̀ àtàwọn ọlọ́pàá. Ó gbójú sókè wo ère, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

"Bàbá Alère! Ojú ọmọ onílẹ̀ rèé! Ẹ wo imú. Ǹjẹ́ àtọ̀húnrìnwá lè nírú imú yìí?"

"Láéláé, ọ̀gá."

"Àpá yìí ńkọ́?"

Kọmíṣánnà kò tiẹ̀ dúró gbọ́ èsì.

"Mo ti mọ̀. Idà àtọ̀húnrìnwá ni! Wọ́n fẹ́ pa á lójú oorun. Akọ̀wé, kí rédíò gbọ́ èyí kílẹ̀ tó ṣú."

"Irọ́ ni!" Eyínfúnjowó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó já fìlà eléruku kúrò lórí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ nu sìmẹ́ńtì ojú rẹ̀. "Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ wo imú, ẹ wo àpá. Baba Ńlá yín rèé, sìmẹ́ńtì ló ń pò!"

Ọlọ́pàá kan bú sẹ́rìn-ín, ó sáré gbé e mì. Kọmíṣánnà wo ọkùnrin, ó wo ère, ó tún wo ọkùnrin. Eyínfúnjowó rò pé ojú yóò tì í. Ta ló ti rí olóṣèlú tí ojú ń tì rí?

"Níbo nìyá ẹ ti wá?" ó bi Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ibí ni wọ́n bí wọn sí, sà. Ìyá tiwọn ló la odò."

"Ó dáa." Ó yíjú sáwọn ọlọ́pàá. "Ojú kan kì í jẹ́ ti ẹni méjì. Ẹ jù ú sọ́kọ̀ tó ń lọ sí ibodè. Ẹ ò rí àwọn èèyàn yìí? Wọ́n jẹ wá lóúnjẹ, wọ́n tún jí ojú Baba Ńlá!"

"Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀! Ọwọ́ yín lẹ fi mọ ọ́n!"

Bàbá Alère wo ère, ó wo ìbọn. "Lébìrà lásán ni," ó ní. "Mi ò tiẹ̀ mọ ilé tó ń gbé."

Bí wọ́n ti ń wọ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ, ó bojú wẹ̀yìn. Ojú tó le ni.

"Ta ló ní kó o ṣí fìlà mi? Mo ti ń wá bí mo ṣe máa gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ojú mi lo fi bá bàbá ẹ jà."

Ọ̀rọ̀ náà gún un ju èébú bàbá rẹ̀ lọ, torí òótọ́ wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lórí ère, ojú òpópó kún fún èrò dẹ́múdẹ́mú. Gbogbo wọn ti fi tìróò fa àpá bíi ti Baba Ńlá sí ìpéǹpéjú òsì, àgbà àti ọmọdé. Bí wọ́n ti ń júbà ère ni wọ́n ń ju òkò sí ọkọ̀ tó fẹ́ kó àwọn àtọ̀húnrìnwá lọ sí ibodè, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìyá ọlọ́mọ kan na tìróò sí Eyínfúnjowó.

"Àǹtí, ẹ ò tíì fàpá? Ẹ súnmọ́ bí, ẹ jẹ́ n bá yín fà á."

"Mi ò fẹ́."

"Ẹ ò fẹ́ kẹ̀? Àbí àtọ̀húnrìnwá ni yín ni?"

Àwọn èèyàn yíjú. Lórí pèpéle, Bàbá Alère tó wọ aṣọ tuntun rí i, ó ń mi orí, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Eyínfúnjowó wo òkè, ó wo ètè tó fẹ́ rẹ́rìn-ín náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Àtọ̀húnrìnwá ni mí."

Ìyá ọlọ́mọ fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn bíi pé àrùn ló rí. Òkò àkọ́kọ́ ba Eyínfúnjowó léjìká. Kò sáré. Ó ń rìn lọ síbi ọkọ̀, ohun kan ṣoṣo ló sì wà lọ́kàn rẹ̀: tí òun bá rí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lókè odò, yóò bú òun. Kó bú òun tẹ́rùn.